Lexus tí kì í dún, tó wá ń dún: ẹjọ́ sípíríǹgì fáàfù ọdún 2010

Níbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 2010 ni iléeṣẹ́ Toyota kéde pé àwọn máa pe ọkọ̀ tó tó 270,000 padà káàkiri àgbáyé. Kì í ṣe Corolla, kì í ṣe Hiace. Àwọn ọkọ̀ ọlọ́lá wọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn: Lexus LS 460, LS 600h àti LS 600h L tó gùn jù ú lọ, GS 350, GS 450h, GS 460, IS 350, àti Crown tí wọ́n ń tà ní Japan. Bíi 138,000 nínú wọn ló wà ní Amẹ́ríkà, bíi 90,000 sì wà ní Japan fúnra rẹ̀. Gbogbo wàhálà yìí, orí sípíríǹgì ló dá lé, sípíríǹgì tó ń dá fáàfù (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí, tó ń tì fún afẹ́fẹ́ àti èéfín) padà sáyè rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnì. Ó kéré débi pé ẹ lè di ẹyọ kan mọ́ inú àtẹ́lẹwọ́ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀ pé ẹ mú nǹkan dání.

Mo ń kọ ẹjọ́ yìí sílẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yẹn ló ti wọ ilẹ̀ wa gẹ́gẹ́ bíi tòkunbọ̀. IS 350 àti GS 350 ọdún 2007 kì í ṣe ohun àrà ní títì Èkó. Nígbà tí ọ̀kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹni tó ni ín lọ ra ọ́ìlì tó ki, pé ariwo á rọlẹ̀. Á rọlẹ̀ lóòótọ́, nígbà mìíràn. Ohun tó ń fa ariwo náà ni kò ní kúrò níbẹ̀.

Ká tó sọ bó ṣe bàjẹ́, ó yẹ ká mọ irú ọkọ̀ tí à ń sọ. Ọdún 1989 ni Toyota gbé orúkọ Lexus jáde ní Amẹ́ríkà, LS 400 ni wọ́n sì fi ṣíde. Mercedes àti BMW ló jókòó sórí ọjà ọlọ́lá nígbà náà. Àwọn tó ń ṣe Corolla, kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe níbẹ̀? Ichiro Suzuki ló ṣáájú àwọn ẹnjiníà tó ṣe ọkọ̀ náà, ọ̀nà tó sì gbà ṣe é ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Kò gbà kí wọ́n kàn fi fóòmù àti kápẹ́ẹ̀tì bo ariwo mọ́lẹ̀. Ó ní kí wọ́n tọ ariwo lọ síbi tó ti ń jáde. Irin tó bá ń gbọ̀n, kí wọ́n tún un gbẹ́ títí tí kò fi ní gbọ̀n mọ́. Ọ̀pá tó ń gbé agbára láti ara jíà lọ sí táyà ẹ̀yìn, kí wọ́n tò ó kó gún régé. Nínú ìpolówó ọkọ̀ náà, wọ́n to ife ṣaḿpéènì léra wọn lórí bónẹ́ẹ̀tì, wọ́n gbé táyà ẹ̀yìn lé ẹ̀rọ tó ń yí lábẹ́ rẹ̀, wọ́n wá tẹ ọkọ̀ náà títí dé iyára máìlì 145 ní wákàtí kan. Ife kankan ò ṣubú.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ọkọ̀ náà dé ọjà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1989 kan náà, àwọn oníbàárà kéréje kan fẹjọ́ sùn nípa wáyà àti iná bíréèkì tó ń gbóná jù. Lexus pe gbogbo LS 400 tí wọ́n ti tà padà, nǹkan bí 8,000, wọ́n sì tún gbogbo wọn ṣe láàárín ọjọ́ 20. Wọ́n ń lọ gbé ọkọ̀ nílé olúkúlùkù, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á dá a padà fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó yẹ kó ba orúkọ tuntun jẹ́ ló wá sọ orúkọ náà di ńlá. Àwọn tó ra Lexus lẹ́yìn ìgbà yẹn, ohun méjì ni wọ́n rà: ọkọ̀ tí kì í pariwo, àti iléeṣẹ́ tó máa ń dáhùn bí a bá ké.

LS 460 ni wọ́n gbé jáde ní ọdún 2006, ó sì wá gba ipò ọkọ̀ tó dára jù lọ lágbàáyé fún ọdún 2007. Ẹ́ńjìnì V8 lítà 4.6 ló wà nínú rẹ̀, agbára ẹṣin 380, pẹ̀lú jíà ọ́tò onípele mẹ́jọ tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kankan ò tíì ní rí kó tó dé. Mọ́tò iná kékeré ló ń yí camshaft (ọ̀pá tó ń tẹ fáàfù kó ṣí) ti àwọn fáàfù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé síwá-sẹ́yìn, kó lè ṣí wọn lásìkò tó bá iṣẹ́ ẹ́ńjìnì mu. IS 350 tirẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n V6 lítà 3.5 rẹ̀ ní agbára ẹṣin 306, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa mọ ohun tí ẹ̀yìn òun fojú rí lára àga. Ẹni tó bá fẹ́ LS 460 tuntun ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn máa san ju $60,000 lọ.

Ẹ̀sùn bíi 200 ni Toyota sọ pé àwọn gbà ní Japan. Àwọn kan ní ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àwọn ń mú ìró àjèjì wá. Àwọn mìíràn ní ó kú mọ́ àwọn lọ́wọ́ lórí ìrìn. Wọn ò gbọ́ pé jàǹbá kankan ti ṣẹlẹ̀ nítorí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe ìkéde. Bí a bá fi 200 wé ọkọ̀ 90,000 tó wà ní Japan, bíi ọkọ̀ méjì ni nínú ẹgbẹ̀rún kan. Iye yẹn lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ ẹ rántí pé ẹni tó bá ti gun Lexus fún oṣù mélòó kan, etí rẹ̀ ti yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì. Nínú dáńfó, ta ni yóò gbọ́ pé sípíríǹgì kan ṣẹ́? LS 460 ń kọ́? Ọkọ̀ tó jẹ́ pé ọwọ́ aago RPM, tó ń ka bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí sí, lẹ máa wò kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé ẹ́ńjìnì wà láàyè ni. Tó bá ti ń ṣe "tak, tak, tak" lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tí yóò rọ ẹni tó ni ín kó tó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Iṣẹ́ fáàfù kò ṣòroó yé. Sìlíńdà kọ̀ọ̀kan (ihò tí epo ti ń jóná nínú ẹ́ńjìnì) ní fáàfù mẹ́rin: méjì ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, méjì ń jẹ́ kí èéfín jáde. Camshaft ló ń tẹ fáàfù kó ṣí, sípíríǹgì ló ń dá a padà kó tì. V6, tó ní sìlíńdà mẹ́fà, ní fáàfù 24, V8, tó ní mẹ́jọ, ní 32, fáàfù kọ̀ọ̀kan sì ní sípíríǹgì tirẹ̀. Bí ẹ́ńjìnì bá ń yí ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, tó jẹ́ ìrìn jẹ́jẹ́ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, fáàfù kọ̀ọ̀kan á ṣí, á tì, nígbà 1,000 láàárín ìṣẹ́jú náà. Wákàtí kan, ìgbà 60,000. Ẹni tó bá ń wakọ̀ wákàtí kan péré lóòjọ́, tí ọdún bá fi yí po, sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan ti tẹ̀ ó sì ti nà ní ìgbà bíi mílíọ̀nù 22.

Irin tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ ní àbùkù nínú. Nígbà tí wọ́n bá ń yọ́ irin, ọ́síjìn a máa mú ara àwọn èròjà bí alumíníọ́mù àti sílíkọ́ọ̀nù tó wà nínú rẹ̀, èérún líle á sì di ohun tí irin dì mọ́ inú. Àwọn tó ń ṣe irin sípíríǹgì fáàfù ń náwó gidi láti rí i pé èérún wọ̀nyí kéré, kò sì pọ̀. Ojú lásán ò lè rí wọn. Tí ẹyọ kan tó tóbi díẹ̀ bá lọ wà nítòsí ara òde wáyà, níbi tí wáyà ti ń fara da ìnira jù, ibẹ̀ ni ìlà là á ti máa bẹ̀rẹ̀. Kò ní là lọ́jọ́ kan. Ẹni tó bá ti mú wáyà, tó ṣẹ́ ẹ síhìn-ín ṣẹ́ ẹ sọ́hùn-ún lójú kan náà, mọ̀ pé kì í já nígbà àkọ́kọ́ tàbí ìkejì. Ó máa ń fara dà á, ó ń fara dà á, lójijì ló máa já. Àlàyé tí Toyota ṣe kò yàtọ̀ sí èyí: ohun àjèjì ti wọ inú irin tí wọ́n fi ṣe àwọn sípíríǹgì kan nígbà tí wọ́n ń ṣe é, agbára wọn sì lè dín kù títí wọn á fi ṣẹ́.

Ìdí nìyẹn tí kò fi sí àyẹ̀wò tó lè mú un ní ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́. Ọkọ̀ náà jáde tuntun, gbogbo ohun tí wọ́n fi dán an wò ló yege. Ẹni tó rà á kò ṣe nǹkan kan tí kò yẹ: ó ń pa ọ́ìlì dà lásìkò, kò tẹ̀ ẹ́ ní ìtẹ̀kutẹ̀. Mo tẹnu mọ́ ọn nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí oníṣọ́ọ̀bù máa ń bi oníbàárà ni "kí lẹ ṣe fún un?" Nínú ẹjọ́ yìí, ọ̀dọ̀ ẹni tó yọ́ irin ni ẹ̀bi ti bẹ̀rẹ̀.

Bí sípíríǹgì bá wá ṣẹ́, kì í tú ká lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó wà láàárín irin pẹlẹbẹ tó dé orí fáàfù àti orí sìlíńdà, kò ráyè lọ síbì kankan. Apá méjèèjì á wọ inú ara wọn, á kúrú, agbára tó fi ń ti fáàfù padà á sì dín kù. Tí ẹ́ńjìnì bá ń yí jẹ́jẹ́, fáàfù ṣì lè tì, àmọ́ á pẹ́ kó tó tì, á sì máa gbá ibi tó ń jókòó sí. Ìró yẹn lẹ̀ ń gbọ́. Tẹ́ ẹ bá dúró níbi iná ojú pópó, ọkọ̀ á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí òtútù mú lára, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n ní jẹ́jẹ́ á rò pé ara yín ni. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ lè kọjá tírélà, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń le: sípíríǹgì aláìlágbára ò lè bá camshaft sáré mọ́, fáàfù á wà ní ṣíṣí nígbà tó yẹ kó ti tì, afẹ́fẹ́ àti epo tó yẹ kó jóná á sá padà, agbára ọkọ̀ á já. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á rí i pé sìlíńdà kan ń míísì, pé epo inú rẹ̀ kì í jóná dáadáa, iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Ẹni tó bá rí iná tó ń ṣẹ́jú yìí, tó ní òun á kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta ná, owó ńlá ló ń sun. Epo tí kò jóná nínú sìlíńdà náà á gba ọ̀nà èéfín jáde, á lọ jóná nínú catalytic converter, ohun tó ń fọ èéfín mọ́, á sì bà á jẹ́. Ìyẹn gan-an ṣì ni ibi tó sàn. Tí sípíríǹgì bá fọ́ débi pé kò di fáàfù mú mọ́, fáàfù á já sínú sìlíńdà, písítìnnì tó ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀ á gbá a, ẹ́ńjìnì náà parí nìyẹn. Ó lè ṣẹlẹ̀ lórí márosẹ̀ nígbà tí gbogbo ọkọ̀ tó yí yín ká ń sá eré. Ohun tí Toyota fi sínú ìkìlọ̀ wọn nìyí: ariwo tí kò yẹ, gbígbọ̀n nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó bá sì burú jù, kí ẹ́ńjìnì kú lórí ìrìn.

Ibì kan wà tí mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń ṣi ọ̀rọ̀ yìí mú, àtàwọn tó ni ọkọ̀ àtàwọn tó ń tún un ṣe. Ẹ́ńjìnì IS 350, GS 350 àti LS 460 yìí ní ariwo kan tó jẹ́ tirẹ̀. Ọ̀nà méjì ló fi ń fọ́n epo: ó ń fọ́n díẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà afẹ́fẹ́, ó sì ń fọ́n díẹ̀ sínú sìlíńdà gan-an. Èyí tó ń fọ́n sínú sìlíńdà nílò agbára, nítorí náà pọ́ḿpù kan wà tí camshaft ń tẹ̀, tó ń ti epo náà pẹ̀lú ipá. Pọ́ḿpù yẹn ń dún. Tẹ́ ẹ bá ṣí bónẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, ẹ ó gbọ́ ọ bí ìgbà tí télọ̀ ń tẹ maṣíìnì ní yàrá kejì. Ó wà bẹ́ẹ̀ látọjọ́ tó ti jáde, kò sì sí ohun tó ṣe é. Mo mọ àwọn tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnì nítorí ìró yìí nìkan.

Ọ̀nà láti yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ṣòro. Ìró pọ́ḿpù dọ́gba, kì í fo, ọkọ̀ ò sì ní máa gbọ̀n. Ìró sípíríǹgì tó ṣẹ́ máa ń bá ẹ́ńjìnì tó ń gbọ̀n rìn. Mẹkáníìkì tó bá mọṣẹ́ á gbé síkáànà sí i, á wo sìlíńdà tó ń míísì: P0301 ni sìlíńdà kìíní, P0302 ni ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní sáré lọ ra kọ́ìlì. Á yọ kọ́ìlì àti plọ́ọ̀gì sìlíńdà náà, á fi wọ́n sí sìlíńdà mìíràn, á tún síkáànì. Tí àṣìṣe náà bá tẹ̀ lé wọn lọ, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ló bàjẹ́, ọ̀rọ̀ ti rọrùn. Tó bá dúró sí sìlíńdà àkọ́kọ́, á gbé gééjì kọnpíréṣọ̀n, tó ń wọn bí sìlíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, wọ ojú ihò plọ́ọ̀gì. Tí gbogbo sìlíńdà yòókù bá sún mọ́ra, tí ìkan yẹn nìkan wá lọ sílẹ̀ gan-an, kó tú ìdérí òkè, kó tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀. Sípíríǹgì tó ṣẹ́ kò fara sin. Ó kúrú ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ojú ibi tó ti ṣẹ́ á sì máa dán.

Nígbà tí mo ti dárúkọ ìdérí òkè, ẹ jẹ́ n tún sọ pé mẹkáníìkì tó bá ní òun á "sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì" ẹ́ńjìnì yìí, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín padà. Agbára ọ́ìlì ló ń dí àlàfo fáàfù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí nọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni fẹ́ fún. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì tó ki náà ò sì jìnnà sí i. Ọ́ìlì fúyẹ́ ni wọ́n ṣe ẹ́ńjìnì náà fún, irú 5W-30 tàbí èyí tó tún fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá da 20W-50 sí i lè gbọ́ kí ìró dín kù, nítorí ọ́ìlì tó ki máa ń bo ìró irin. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró tí ọ́ìlì ń gbà lọ sí ibi tó ń darí camshaft kò fẹ́ nǹkan tó ki, agbára ọkọ̀ á tún dín kù sí i. Ẹ wá ní ọkọ̀ tí kò pariwo, tí kò sì lè sáré, tí sípíríǹgì rẹ̀ ṣì ṣẹ́. Òdìkejì gan-an ni sí ohun tí Ichiro Suzuki ṣe nígbà LS 400.

Ọdún 2010 fúnra rẹ̀ kò dára fún Toyota. Látìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni wọ́n ti ń pe ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ padà nítorí tọ́tù (ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré) tó ń há. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì, Akio Toyoda, ọ̀gá pátápátá, jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ní oṣù Kẹrin, ìjọba Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn $16.4 mílíọ̀nù lé wọn torí pé wọn ò tètè sọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa tọ́tù náà. Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n pe LS padà nítorí stíárìn. Oṣù Keje ni sípíríǹgì dé.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tọ́tù yẹn ló mú kí ẹjọ́ sípíríǹgì yá. Àwọn ọkọ̀ tí wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà, ti ọdún 2006 sí 2008 ni. Ẹ̀sùn 200 kì í wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan. Iléeṣẹ́ tó wà ní ìgbádùn lè máa tún wọn ṣe ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ wáráńtì, kó sì máa pè é ní ọ̀ràn oníbàárà kan ṣoṣo. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu owó ìtanràn lé nítorí pé ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò fi ìyẹn gba ìyìn kúrò lọ́wọ́ wọn pátápátá. Ọkọ̀ méjì nínú ẹgbẹ̀rún, wọ́n sì ní káwọn tú gbogbo 270,000: ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ni kò ní ṣe é.

Torí iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ wákàtí kan. Ẹ ó tú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kúrò lórí ẹ́ńjìnì, ẹ ó tú ìdérí òkè, ẹ ó tú camshaft mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá máa mú sípíríǹgì lọ́kọ̀ọ̀kan. Irin pẹnpẹ méjì ló di orí fáàfù mú, tó bá bọ́ lọ́wọ́ yín tó jábọ́ sínú ẹ́ńjìnì, ẹ máa wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Fáàfù náà kò sì gbọdọ̀ já sísàlẹ̀ nígbà tí sípíríǹgì kò bá sí lórí rẹ̀. Nítorí náà ẹ ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú sìlíńdà láti ihò plọ́ọ̀gì kó lè ti fáàfù sókè, tàbí kẹ́ ẹ gbé písítìnnì sókè pátápátá kó lè di fáàfù mú. Ìgbà 24 lẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún V6, ìgbà 32 fún V8. Lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ṣe é fún àwọn tó ni ọkọ̀, gbogbo sípíríǹgì sì ni wọ́n pààrọ̀, kì í ṣe èyí tó ṣẹ́ nìkan.

Ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù ba ẹni tó ń gun ES 350 tàbí RX 350. V6 lítà 3.5 ni tiwọn náà, àmọ́ ẹ́ńjìnì mìíràn ni, wọn ò sì sí nínú ìpè yìí. Ẹni tó yẹ kó wo ọkọ̀ rẹ̀ wò ni ẹni tó ní IS 350, GS 350, GS 450h, GS 460, LS 460 tàbí LS 600h L tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà. Ẹ lọ wo nọ́ḿbà ṣásí lábẹ́ wíńdísíkíríìnì ní apá ọ̀dọ̀ dírẹ́bà: lẹ́tà àti nọ́ḿbà 17. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú JTH, Japan ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ wá ka àmì ìkẹwàá: 6 ni ọdún 2006, 7 ni 2007, 8 ni 2008. Àwọn ọdún yẹn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù.

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ọkọ̀ tó ti gbé Amẹ́ríkà, wọ́n á ti tún un ṣe kó tó kúrò níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin wọn ò jẹ́ kí wọ́n ta ọkọ̀ tuntun tí wọ́n pè padà láìtún un ṣe, àmọ́ òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ nípa àlòkù. Ẹni tó ni ín lè má dá lẹ́tà ìpè lóhùn, kí ọkọ̀ náà gba ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní gbàǹjo lọ, kó wọ ọkọ̀ ojú omi, kó gúnlẹ̀ sí Àpápá tàbí Kútọnù, kó sì gbé sípíríǹgì àtijọ́ náà dé ọ̀dọ̀ yín. Lẹ́tà ìpè tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ilé kan ní Texas kò lè tẹ̀ lé e dé Ṣágámù.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fiyè sí. Ojú ewé NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú pópó, máa ń gba nọ́ḿbà ṣásí, á sì sọ ìpè tí wọn ò tíì ṣe lórí ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìpè tó bá ti lé ní ọdún 15, kò fi dandan wà níbẹ̀. Ìpè ọdún 2010 ti wà ní ààlà yẹn. Nítorí náà, tí òǹtajà bá fi fóònù hàn yín pé "zero recall", kì í ṣe ẹ̀rí pé wọ́n ti pààrọ̀ sípíríǹgì. Ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ọkọ̀ náà ní ṣọ́ọ̀bù Lexus ní Amẹ́ríkà ni ẹ̀rí, tàbí kẹ́ ẹ tú ìdérí òkè wò.

Tí ẹ́ńjìnì bá sì ti fọ́, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni kẹ́ ẹ lọ sí ọjà Ládípọ̀, kẹ́ ẹ ra òmíràn. Kò burú. Àmọ́ ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ lára GS 350 ọdún 2007 lè jẹ́ ti ọkọ̀ tí kò dá ìpè náà lóhùn rí, ẹ kàn fi wàhálà kan pààrọ̀ òmíràn nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ béèrè ọdún ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́. Tó bá bọ́ sáàárín 2006 àti 2008, tí kò sì sí ìwé, ẹ ra sípíríǹgì tuntun 24 mọ́ ọn, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí mẹkáníìkì pààrọ̀ gbogbo wọn nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì wà nílẹ̀, kí wọ́n tó gbé e wọ inú ọkọ̀, kí wọ́n sì dè é tán.